Bí Àwo Ṣe Di Awò: Díìsì Àlòkù, Ohùn Oòrùn àti Òrùlé Pápá Àjàó

Olùkọ́ èdè Yorùbá tó bá fẹ́ kí ó yé ọmọ ilé-ìwé pé àmì ohùn kì í ṣe ohun àfiṣeré, kì í pẹ́ kó tó mẹ́nu ba awo, àwo àti awò. Awo ni ohun ìjìnlẹ̀ tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn. Àwo ni ohun tí a fi ń jẹun. Awò sì ni ohun tí a fi ń wo nǹkan, yálà èyí tí àgbàlagbà fi ń kàwé, tàbí èyí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wo òkè. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kò ju bí èkejì nínú àwọn mẹ́ta yìí ṣe lè di ìkẹta lọ: bí àwo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èyí tí ará Èkó ń pè ní díìsì, ṣe lè di awò tí a ó fi máa wo oòrùn láìgbé ojú sókè wò ó rárá. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìkíní nínú wọn, awo ojú ọ̀run, yóò ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ẹni tó bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pápá Àjàó, ní agbègbè Mushin, tó sì na ojú sí orí òrùlé àwọn aládùúgbò, yóò rí díìsì lóríṣiríṣi. Òmíràn ń ṣiṣẹ́. Òmíràn ti dógùn-ún, wáyà rẹ̀ ti já, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí i ti kógbá sílé, gẹ́gẹ́ bí HiTV ti ṣe ní 2011, tàbí nítorí pé onílé ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wo bọ́ọ̀lù. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ọjà Ládípọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọjà yẹn ń kọ́ni lójoojúmọ́ ni pé ohun tí ẹnìkan sọ nù kò tíì parí iṣẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè rí ìwúlò mìíràn fún un.

Kí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ bí tiwa? Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gíga oníwèé mẹ́wàá wa, ọmọ lè ka ẹ̀kọ́ físíìsì fún ọdún mẹ́ta, kí ó yege, kí ó má sì tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ohunkóhun tó wà lókè òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé oòrùn gbóná. Wọ́n sọ fún un pé ayé ń yí. Ó gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì há a sórí. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìmọ̀ tí a kò fojú bà rí, ìmọ̀ ẹlòmíràn ni. A kàn yá a lò ni. Díìsì àlòkù kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n, lè sọ ìròyìn méjì yìí di àfojúbà láàárín ọ̀sán kan.

IBI TÍ ÌMỌ̀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni kí a sọ irinṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ di irinṣẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀. Ọ̀nà tí ìmọ̀ náà gbà wáyé gan-an nìyẹn. Ní 1932, Karl Jansky, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, ń wádìí ohun tí ń da ọ̀rọ̀ rú nínú tẹlifóònù onígbì rédíò tí ń kọjá lórí òkun. Ó rí i pé àrá wà lára ohun tí ń fa ariwo, ṣùgbọ́n ariwo jẹ́jẹ́ kan ṣẹ́kù tí kò bá àrá tan. Lójoojúmọ́ ni ariwo yìí ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 yọ ṣáájú àkókò tó yọ lánàá. Ohun tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ayé, nítorí pé ìràwọ̀ ni í máa ń yọ báyẹn. Ní 1933, ó kéde pé láti inú agbo ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ariwo náà ti ń wá.

Ní 1937, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Grote Reber, ẹni tí ilé-iṣẹ́ kankan kò rán níṣẹ́, fi owó ara rẹ̀ kọ́ àwo irin tí ìbú rẹ̀ lé ní mítà 9 sí ẹ̀yìnkùlé ilé ní ìlú Wheaton. Fún ọdún mélòó kan, òun nìkan ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní gbogbo ayé. Ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, J. S. Hey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkíyèsí pé ohun tí ń dí ràdà àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀tá, oòrùn ni. Nígbà tó sì di 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo ìwo irin ńlá kan ní Holmdel ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ́ fún gbígba ohùn láti ara sátẹ́láìtì. Ariwo kan wà níbẹ̀ tí kò lọ. Wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀rọ náà wò, wọ́n palẹ̀ ìgbẹ́ ẹyẹlé mọ́ kúrò nínú ìwo, ariwo kò dákẹ́. Ìyókù ooru ìgbà tí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978.

Èkó pàápàá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì. Ní oṣù Kẹjọ 1963, ọkọ̀ ojú-omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Kingsport, tó ru àwo ńlá kan, dúró ní èbúté Èkó. Nípasẹ̀ rẹ̀ àti sátẹ́láìtì Syncom 2 ni Ààrẹ Kennedy àti Olórí Ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Láti ìgbà náà ni àwo tí ń kọjú sókè ti di ohun tí ojú ará Èkó mọ̀. Ohun tó kù ni pé kí a bi àwo náà ní ìbéèrè mìíràn.

OHUN TÍ DÍÌSÌ Ń GBỌ́

Gbogbo ohun tó bá ní ooru nínú, ì báà ṣe ògiri, ilẹ̀, ara ènìyàn tàbí oòrùn, ni ó ń tú ìgbì rédíò jáde. Ìgbì náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ariwo lásán ni, bí èyí tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì máa ń pa nígbà tí kò bá sí lórí ìkànnì kankan. Bí nǹkan bá ṣe gbóná tó ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń ka ooru láti ibi tí òtútù kò tún lè kọjá mọ́, wọ́n sì ń pe ìwọ̀n náà ní Kelvin. Ní ìwọ̀n yìí, ògiri ilé ní ọ̀sán Èkó jẹ́ nǹkan bí 300; ara ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 310; ojú ọ̀run tó mọ́ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ; oòrùn, nínú irú ìgbì tí díìsì ń gbà, tó nǹkan bí 12,000.

Àwo fúnra rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó ìgbì jọ sójú kan, bí agbè tí ń kó omi òjò jọ. Ohun kékeré tó dúró níwájú àwo lórí apá irin, tí àwọn tí ń bá wa de díìsì ń pè ní LNB, ni etí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ó ń gba ìgbì tí ń mì láàárín bílíọ̀nù 10.7 sí bílíọ̀nù 12.75 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń sọ ọ́ di ńlá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, ó ń fà á wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 950 sí mílíọ̀nù 2150, nítorí pé ìgbì tó yára jù kò lè rìn jìnnà nínú wáyà kí ó má kú sọ́nà.

Láti ibẹ̀ ni wáyà ti wọ pálọ̀, tó sì dé inú dìkódà. Níhìn-ín ni ọ̀nà onímọ̀ ìràwọ̀ ti yà kúrò lára ti onílé. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán tó fara pamọ́ sínú ìgbì ni dìkódà ń wá. Ariwo ni ó ń jù nù. Onímọ̀ ìràwọ̀ kò fẹ́ àwòrán. Ariwo gan-an ni ó ń wá. Nítorí náà, gbogbo àtúnṣe tí à ń sọ yìí kò ju pé kí a yọ ohun tí ń ju ariwo nù kúrò, kí a sì fi ohun tí ń wọn ariwo rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ń wọn ariwo yìí kò ṣòro rí, nítorí pé ó wà nínú àpò ẹni tí ń de díìsì: ẹ̀rọ kékeré tó ní abẹ́rẹ́ lójú, tó sì máa ń ké, tí wọ́n fi ń mọ̀ bí díìsì bá ti kọjú sí sátẹ́láìtì dáadáa.

Àwọn tó ní díìsì ti ń rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, wọn kò kàn mọ̀ ni. Sátẹ́láìtì amóhùnmáwòrán wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ìlà agbede-méjì ayé. Ó ń bá ayé yí lọ, nítorí náà kì í kúrò lójú kan lójú wa. Bí a bá dúró ní Èkó, ìlà tí wọ́n tò sí gba òkè orí wa kọjá láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, ó sì yẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń gba ẹ̀yìn ìlà yìí kọjá: ní àárín oṣù Kẹta, àti ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù Kẹsàn-án. Fún díìsì tó kọjú sí ìwọ̀n 36 ní ìhà ìlà-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ díìsì Èkó ti ṣe, àkókò náà máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá díẹ̀. Àwòrán a fọ́ wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a sì padà bọ̀ sípò. Onílé a bú NEPA, a bú ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó fún, a sì ránṣẹ́ pe ẹni tó bá a de díìsì. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Oòrùn ló kọjá lẹ́yìn sátẹ́láìtì, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Ó hàn gbangba nígbà náà pé díìsì orí òrùlé wa ti ń gbọ́ oòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é mọ́ igi; ẹ̀rọ inú pálọ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: díìsì tí ìbú rẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú LNB rẹ̀, ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, wáyà díìsì mítà mélòó kan, àti iná tí agbára rẹ̀ wà láàárín fóltì 13 sí 18. Dìkódà tí kò sí ẹni tó ń lò mọ́ lè pèsè iná yìí. Bí kò bá sí dìkódà, bátìrì fóltì 12 tó kún dáadáa sábà máa ń tó.

Ẹnu méjì ló wà lára ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́: ọ̀kan wà fún LNB, èkejì sì wà fún dìkódà. Kí a so wáyà LNB mọ́ tirẹ̀. Ẹnu kejì ni iná yóò gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ bátìrì, irin àárín wáyà ni kí a so mọ́ ibi tó ní àmì àròpọ̀, kí a sì so okùn irin tó yí i ká mọ́ ibi tó ní àmì àyọkúrò. Kí àwọn méjèèjì má ṣe fara kanra, kí a má sì ṣe so wọ́n ní ìdàkejì, kí LNB má baà jóná.

Ìdánwò kìíní ni ti òtútù àti ooru. Kí a kọ ojú díìsì sí òfuurufú ní ìhà àríwá, níbi tí ìlà àwọn sátẹ́láìtì kò dé, kí a sì yí kókó ẹ̀rọ náà títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a kọ díìsì sí ògiri: abẹ́rẹ́ yóò gòkè. Kí a dá a padà sí òfuurufú, kí ọmọ kan sì na àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú LNB láìfọwọ́ kàn án: abẹ́rẹ́ yóò tún gòkè. Ìgbì tí ara ọmọ náà ń tú jáde ni díìsì gbọ́. Níbi tí a dé yìí, ọmọ náà ti mọ ohun kan tí ìwé kò lè fi yé e bẹ́ẹ̀, pé ara òun pàápàá ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí.

Ìdánwò kejì ni ti oòrùn. Kí a kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn. Òjìji ni a ó lò. Ọ̀pọ̀ nínú díìsì kékeré kì í gbọ́ ibi tí ojú wọn kọ sí gan-an. Nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí 25 sókè síbẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni apá LNB ti yọ wá. Kí a máa yí díìsì títí òjìji LNB yóò fi bọ́ sí àárín etí ìsàlẹ̀ àwo. Abẹ́rẹ́ yóò fò sókè. Lẹ́yìn èyí, kí a sún díìsì díẹ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, síbi tí oòrùn ń lọ, títí abẹ́rẹ́ yóò fi padà wálẹ̀. Kí a de ìdè rẹ̀ pinpin, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Kí ọmọ kan máa ka abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, 30, kí ẹlòmíràn sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò dé góńgó, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá fi iye tí a kọ sílẹ̀ ya àwòrán sórí ìwé onílà, òkè kékeré kan ni yóò jáde, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò sì jọ ara wọn. Kò sí ẹni tó mi díìsì, oòrùn kò sì sáré. Ayé ló gbé díìsì, ilé àti àwọn ọmọ pọ̀ kọjá níwájú oòrùn. Pé ayé ń yí ti kúrò ní àgbọ́sọ. Ó ti wà nínú ìwé tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Kí a má gbàgbé ewu. Ẹni tó bá gun òrùlé gbọdọ̀ mọ̀ pé páànù kì í ṣe ilẹ̀. Ó sàn kí a gbé díìsì sórí ilẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé. A kò gbọdọ̀ fi bébà dídán bí fàdákà bo ojú àwo, nítorí yóò kó ooru oòrùn jọ, yóò sì yọ́ LNB. Bí òjò bá ti ń ṣú, tí àrá ń sán, kí a kó ẹrù wa wọlé.

ÌṢIRÒ TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ibi tí olùkọ́ yóò ti jẹ èrè iṣẹ́ yìí ni ìṣirò rẹ̀. Ayé ń yí ìwọ̀n 360 ní wákàtí 24, èyí tí í ṣe ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan, tàbí ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú 4. Òfin kan tó rọrùn sọ pé bí a bá fẹ́ mọ bí ojú díìsì ti fẹ̀ tó, kí a fi 70 sọ gígùn ìgbì di púpọ̀, kí a sì fi ìbú àwo pín in. Gígùn ìgbì tí LNB ń gbà jẹ́ nǹkan bí 2.6 sẹ̀ǹtímítà. Fún àwo 80 sẹ̀ǹtímítà, èsì rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 2.3. Oòrùn yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 láti la ojú náà kọjá. Kí àwọn ọmọ wo òkè tí wọ́n yà, kí wọ́n wọn bí ó ti fẹ̀ tó ní ìdajì gíga rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìṣẹ́jú 9 ni wọ́n rí. Bí iye wọn bá sún mọ́ ọn, òfin náà ti jẹ́rìí. Bí kò bá sún mọ́ ọn, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Wíwá ìdí yìí gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìbéèrè kan yóò wá síni lọ́kàn: bí oòrùn bá tó 12,000 Kelvin, tí ògiri sì jẹ́ 300, èé ṣe tí abẹ́rẹ́ kò fi ga ní ìlọ́po 40 nígbà tí a kọ díìsì sí oòrùn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ògiri kún gbogbo ojú díìsì, ṣùgbọ́n oòrùn kò fẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n kan lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú 30 ni ó gbà nínú ohun tí díìsì yìí ń rí. Bí a bá pín 12,000 sí ọ̀nà 30, a ó rí 400. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń ju ògiri lọ díẹ̀, tí kò fi jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bákan náà, òṣùpá, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 220, tó sì fẹ̀ tó oòrùn lójú wa, kò ní fi kún abẹ́rẹ́ ju nǹkan bí 7 lọ. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò lè rí èyí dáadáa. Àwo tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ àti ẹ̀rọ tí kì í ṣe ségesège ni yóò rí i.

Wíwọn ariwo oòrùn lójoojúmọ́ kì í ṣe eré. Láti 1947 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Kánádà, lórí ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 10.7 sẹ̀ǹtímítà, iye tí wọ́n ń rí sì ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ bí oòrùn bá ń ru gùdù. Àwọn tí ń darí sátẹ́láìtì náà ń lò ó.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN ẸFÀ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Ẹni tó bá fi díìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní òfuurufú ní àkókò òjò yóò rí i pé bí ìkùukùu òjò ńlá bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, abẹ́rẹ́ a gòkè, nítorí omi inú ìkùukùu náà ń tú ìgbì tirẹ̀ jáde. Òjò ilẹ̀ wa kò jọ ti ilẹ̀ òtútù. Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí bí ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru ti tóbi tó àti bí ó ti ń ṣe ìgbì rédíò. Ọmọ tó bá ń wọn òjò pẹ̀lú díìsì àlòkù ń tọ ipasẹ̀ ìwádìí tí ilẹ̀ wa ti lọ́wọ́ sí.

Àwọn díìsì ńláńlá ti àwọn ọdún 1980 àti 1990, tí ìbú wọn tó mítà 2 tàbí 3, tí àwọn ọlọ́rọ̀ rà nígbà náà, tún wúlò ju èyí lọ. A lè yọ LNB wọn, kí a fi agolo tí ìbú ẹnu rẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà sí i, kí a ki wáyà idẹ tó gùn tó 5 sẹ̀ǹtímítà bọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí 9 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí agolo. Irú etí báyìí lè gbọ́ ìgbì 21 sẹ̀ǹtímítà tí háídrójìn ń tú jáde láàárín àwọn ìràwọ̀, èyí tí Ewen àti Purcell kọ́kọ́ gbọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1951. Ó nílò ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ ìgbì di ńlá, àti ẹ̀rọ tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Amóhùnmáwòrán ni wọ́n dìídì ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yìí fún. Ní nǹkan bí 2012 ni àwọn ènìyàn rí i pé ó lè gba oríṣiríṣi ìgbì mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun amóhùnmáwòrán di ohun ìmọ̀ ìràwọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé díìsì kékeré nìkan ni èyí bá mu, kí ó wo Gánà. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, wọ́n kọ́ àwo kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 32 ní 1981 fún tẹlifóònù sí òkè òkun. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ sátẹ́láìtì, àwo náà di aláìníṣẹ́. Àwọn ará Gánà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ South Africa, tún ẹ̀rọ tí ń yí i ṣe, wọ́n fi etí tuntun sí i, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa lò ó. Ní oṣù Kẹjọ 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí i gẹ́gẹ́ bí awò ìràwọ̀. South Africa fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí: àwo mítà 26 tí Amẹ́ríkà kọ́ sí Hartebeesthoek ní 1961 láti máa bá ọkọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe láti 1975.

Àwa náà ní Lanlatẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ibẹ̀ ni ohùn Nàìjíríà ti ń gba òfuurufú lọ sí òkè òkun. Ohun tí Gánà fi Kuntunse ṣe yẹ kí ó mú wa béèrè ohun tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lè dà. Ṣùgbọ́n àwo ńlá kò lè di awò bí kò bá sí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kì í sì í ti òfuurufú bọ́. Láti ìgbà èwe ni ó ti gbọdọ̀ mọ bí a ti ń so wáyà, bí a ti ń ka abẹ́rẹ́, àti bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ tó yé ni ṣàlàyé ohun tí a rí.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló kan ẹgbẹ́ wa. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí a sọ tí èdè Yorùbá kò lè gbé. Àwọn tí ń de díìsì ní Mushin ti ń fi èdè wa ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó kù kí olùkọ́ lọ bá wọn, kí ó fetí sí ọ̀rọ̀ wọn, kí ó sì mú un wá sínú kíláàsì. Àbá wa ni pé ní àárín oṣù Kẹta àti ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá, kí ilé-ìwé tó bá rí díìsì kan ṣa kalẹ̀ gbé e jáde sí àgbàlá, kí ó yan ọmọ méjì tí yóò máa ka abẹ́rẹ́, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti iye tí wọ́n rí sílẹ̀, ní Yorùbá. Ìwé àkọsílẹ̀ tí a bá ń pa mọ́ báyìí lọ́dọọdún yóò di ohun ìní ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọ tó kọ ọ́ yóò sì lè sọ pé àwọn kò gbọ́ nípa oòrùn lẹ́nu ẹlòmíràn; àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu oòrùn fúnra rẹ̀.